Kẹ̀kẹ́ Tí Ọkọ Mi Ń Gùn Lọ sí Àpòmù

Ọkọ mi ní orí ńlá. Gbogbo Ìkirè ló mọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀, télọ̀ tó ń rán fìlà fún un náà mọ̀. Ẹni tó ta akoto tí wọ́n ń dé gun kẹ̀kẹ́ fún un lórí fóònù nìkan ni kò mọ̀. Lọ́jọ́ tí akoto náà dé, ó gbé e sórí níwájú dígí, akoto sì jókòó sí àtàrí rẹ̀ bí ìdérí tó bọ́ sórí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tì í wálẹ̀, kò lọ. Ó fa okùn rẹ̀, okùn kò dé àgbọ̀n. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo fi etí ìró mi bo ẹnu.

"Á ṣì fẹ̀," ló wí.

"Orí yín ni àbí akoto?"

Ó bọ́ ọ, ó tún gbé e sórí, bíi pé orí rẹ̀ lè ti dín kù láàárín ìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹni tó ń fi ayé ṣeré ni ọkọ mi o. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, èmi sì jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìjókòó ni àwa méjèèjì ń ṣe: ká jókòó, ká kọ̀wé, ká bínú díẹ̀, ká wálé. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Àpòmù, yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù, ó ní kó máa fi ara ṣiṣẹ́, kó sì máa wá sí Àpòmù ní Sátidé-Sátidé kí òun máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá ọkọ mi. Òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí ọkọ mi ní, ẹni tí kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tó fi ṣubú lọ́jọ́ kan tí kò dìde mọ́. Ọkọ mi sì ti ń súnmọ́ ọjọ́ orí tí ẹ̀gbọ́n náà wà nígbà yẹn. A kì í sọ ọ́ jáde nílé, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa ń rò ó sínú. Mi ò fẹ́ di opó. Mo fẹ́ kí ọkọ mi gbó, kó tọ́, kó di arúgbó tí á máa yọ mí lẹ́nu.

Èmi rò pé yóò máa rìn ni. Ẹsẹ̀ wà, ọ̀nà wà, kò sì sí ẹni tó ń tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkankan láìra irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbin ata sẹ́yìnkùlé, ṣọ́bìrì ló kọ́kọ́ rà. Ata ò hù, ṣọ́bìrì ṣì ń dán. Ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere ni òun máa gùn lọ sí Àpòmù. Kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ Ìkirè-Ilé fi ń gbé ẹrù bọ̀ láti oko, tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé odidi àpò ẹ̀gẹ́ kó má ké. Rárá o. Èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè ni, tó ní gíà lọ́tùn-ún lósì àti ṣọ́ọ̀kì níwájú. Mo bi í pé òkè wo ló wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Ó ní ṣé mi ò rí ihò tó wà lójú títì ni. Mo ní ihò kì í ṣe òkè. Ó ní ẹni tó bá jìn sínú ihò, òkè ló máa gùn jáde.

Ìyẹn dára, mo gbà fún un.

Kẹ̀kẹ́ dé, àwọn aládùúgbò sì tú jáde. "Ẹ kú oríire o! Ẹ̀mí á lò ó! A ó máa gbọ́ tuntun!" Ọkọ mi ń dúpẹ́, ó ń fi aṣọ nu ibi tí kò dọ̀tí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ni mo ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì yẹn kò yàtọ̀ sí fóòmù àtijọ́. Bí ọkọ mi bá tẹ pẹ́dà, iwájú kẹ̀kẹ́ á tẹrí ba, á gbórí sókè, á tún tẹrí ba, bíi pé ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Agbára tó yẹ kó gbé e síwájú, ìkíni ló ń bá lọ. Gíà ńkọ́? Níbi tó tẹ́jú, á yí wẹ́rẹ́. Tó bá wá dé ibi tó gòkè díẹ̀, ibi tí a torí ẹ̀ rà á gan-an, ṣéènì á bọ́.

Ẹlòmíràn á dúró níbẹ̀. Ọkọ mi ní àwọn nǹkan tó yẹ kó bá kẹ̀kẹ́ rìn ni kò tíì pé. Ni ẹrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà tó ta akoto. Ọlọ́kadà tó ń kó wọn wá mọ ilé wa débi pé kì í pe fóònù mọ́, hóònù ló ń fọn. Àpò omi kan dé, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n ń fi ẹnu fà. Omi inú rẹ̀ ń rùn bí abọ́ oníke tuntun. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, òórùn náà wá di ti abọ́ oníke àti ọsàn. Ohun tí wọ́n ń dè mọ́ orúnkún, nítorí ìṣubú, kì í pẹ́ lórí orúnkún tó fi ń ṣí wá sí kókósẹ̀. Tí ọkọ mi bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ó rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń bọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń gbé fóònù síwájú kẹ̀kẹ́ gbé fóònù náà dáadáa títí ó fi dé ihò àkọ́kọ́. Ṣòkòtò péńpé kan tún wà tí wọ́n rán tìmùtìmù sí nídìí. Ipò ọkọ mi nínú ìjọ kò jẹ́ kó lè gbé péńpé tó fún mọ́ra jáde, nítorí náà ó ń wọ̀ ọ́ sábẹ́ ṣòkòtò gígùn, ó sì ń rìn bí ọmọ tó yẹ kí ìyá rẹ̀ ti pààrọ̀ nápì rẹ̀ tipẹ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó ẹ̀fọ́ ni ọkọ mi ń fi wá ẹran kiri.

Ti ìjókòó ló wá burú jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tó tà á. Ó ra ìjókòó fífẹ̀ kan, rírọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Nílé wa, a kì í bó ọ̀rá kúrò lára nǹkan tuntun. Ọ̀rá ara àga pálọ̀ wa ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, tí ooru bá mú tí àlejò fẹ́ dìde, ọ̀rá á tẹ̀lé e. Ọkọ mi wá fi sẹ́lótéèpù di ọ̀rá ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ìjókòó má bàa tètè gbó. Ó gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó tẹ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ dúró. Òun kò dúró.

Inú ewébẹ̀ tẹ̀tẹ̀ aládùúgbò ni a ti fà á jáde. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ lára kiri tí a rí i pé egungun kankan kò ṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo wọ kíṣìnì lọ, mo sunkún gidi, nítorí pé kó tó dìde, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìmira, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sì rò.

Mo ní kó dá kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ padà, ẹni tó tà á ṣáà ní àyè rẹ̀ ṣì wà. Ó wò mí bí ẹni pé ọmọ tiwa ni mo ní kó dá padà. Ohun tó fà á nìyí. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ra ohunkóhun tó ń fi táyà rìn, ọjọ́ ìdúpẹ́ ló máa gbé e wá. Ọkọ mi ti gbé kẹ̀kẹ́ náà wá kó tó ṣubú. Ẹgbẹ́ akọrin kọrin, a jó lọ síwájú, èmi náà jó. Olùṣọ́-àgùntàn gbọ́wọ́ lé e níwájú, ó ní kò ní já a kulẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní ọkọ mi á lò ó gbó. Gbogbo ìjọ sì ṣe àmín tó mì òrùlé.

"Kẹ̀kẹ́ tí ìjọ ti ṣe àmín lé lórí," ni ọkọ mi wí, "kí n wá dì í sínú páálí padà?"

Kò sì lè gbé e tì sẹ́yìnkùlé bíi ṣọ́bìrì. Ẹnikẹ́ni tó bá pàdé wa, kẹ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. "Kẹ̀kẹ́ ńkọ́ o?" "Ó ń bẹ, a dúpẹ́." Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa bi í pé èmi ìyàwó rẹ̀ ńkọ́. Nítorí náà, ní Sátidé-Sátidé, ọkọ mi á gbé gbogbo ohun èlò rẹ̀ wọ̀, á mú ọ̀nà Àpòmù pọ̀n, á wálé bí ẹni tí òjò pa. Bí mo bá bi í bó ṣe lọ, á ní òun gùn ún dé Àpòmù. Inú mi dùn, mo gbà á gbọ́.

Ní Sátidé kan, èmi náà fẹ́ lọ kí ẹnì kan tó bímọ ní Àpòmù. Mo wọ ọkọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti gòkè, awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo sójà! Ogun ibo lèyí ń lọ?" Gbogbo ọkọ̀ yíjú, èmi náà yíjú. Ọkọ mi ni. Akoto wà ní àtàrí, àpò omi wà lẹ́yìn, ti orúnkún ti wà ní kókósẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Ó dúró, ó mí, ó tún tì í. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, èmi tí mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kò lè rín in. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, mo wé gèlè mi, mo ní mo ń bá a lọ.

"Kẹ̀kẹ́ yìí ò lè gbé èèyàn méjì o," ló wí.

"Ṣé ó ń gbé ẹnì kan ni?"

Ó wò mí, ó rí i pé mo mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun máa ń gùn ún kọjá ilé àwọn tó mọ̀ wá, pé tí ṣéènì bá ti bọ́ níbi tó gòkè, òun á sọ̀ kalẹ̀, òun á sì tì í dé Àpòmù, òun á tì í bọ̀. A jọ ń lọ, òun lápá ọ̀tún kẹ̀kẹ́, èmi lápá òsì. Àwọn tó ń ta dòdò lẹ́bàá títì ń kí i ní "Bàbá oníkẹ̀kẹ́." Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó máa ń rà lọ́wọ́ wọn, dòdò tó kún fún epo àti iyọ̀ yẹn. Ó yáa ń wo táyà.

Ní Àpòmù, nọ́ọ̀sì de ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tú u, ó tún dè é.

"Dádì, bí-pí yín ti wálẹ̀ o! Ó ti wálẹ̀ gan-an. Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Kẹ̀kẹ́ ni," ni ọkọ mi wí, ó na àyà.

Kò sì purọ́. Ẹ bá mi wá ohun tó le ju kẹ̀kẹ́ wúwo tí kò fẹ́ lọ, tí èèyàn ń tì gun òkè pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí kò wúlò. Ìjọ gbàdúrà, àdúrà gbà.

A jáde. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì bi í lọ́rọ̀ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. "Dádì, láti orí akoto lẹ ti mọ̀ pé ọjà wọn ò dáa. Kí ló wá dé tí ẹ ò dẹ́kun?"

"Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ lọ sọ́jà. Bàtà ẹ̀ ti jẹ nídìí. Mo ní kó ra òmíràn. Ó ní, 'Kí n rà á fún ta ni?' Látọjọ́ yẹn, kò ra nǹkankan fún ara ẹ̀ mọ́. Bàtà tó jẹ yẹn náà la bá lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ tèmi, mo ní èmi ò ní dẹ́kun rírà."

Ọkọ mi fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àyè.

"Bàtà kan tún wà lọ́dọ̀ wọn," ló wí, "tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń wọ̀. Mo mọ̀ pé o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ni mi ò ṣe tíì rà á."

Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ata rodo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Èmi tí ojú mi ti rí ọjà wọn, mo mọ̀ pé kí òjò ọdún yìí tó dá, ìsàlẹ̀ á ti já kúrò lára òkè.

"Ẹ rà á," ni mo wí. "Kí ẹ ra tèmi mọ́ ọn."

"Ìwọ? O ò ní kẹ̀kẹ́."

"Mo ní ọkọ."

Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ó bi mí pé nọ́ńbà mélòó ni mò ń wọ̀.