Lọ́rì Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Lọ Búra Lé Lórí

Òórùn ọ̀dà tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Etí títì Adéníji Adélé ni pẹ́ńtà ti kun lọ́rì mi, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wá láti abẹ́ afárá, òórùn náà sì wọ aṣọ mi, ó wọ irun orí mi, ó tilẹ̀ wọ inú búrẹ́dì tí mò ń jẹ. Ẹlòmíràn ì bá ti fọwọ́ di imú. Èmi ń fà á sínú bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń dín dòdò. Lọ́rì onítáyà mẹ́fà ni, tòkunbọ̀, kò sì kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí mo fi wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Ìdúmàgbò, òun ni àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà. Funfun ni nígbà tí mo gbà á. Ọjọ́ kẹta tí ìwé rẹ̀ jáde ni mo gbé e lọ bá pẹ́ńtà pé kí ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, kí ó sì fa ìlà yẹ́lò kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ àwọ̀ ewé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi kú, lọ́rì aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ló sì fi ń kó ẹrù láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Ìlọrin. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè é. Tó bá ti ìrìnàjò dé, a máa gbé mi jókòó sí iwájú, a máa jẹ́ kí n tẹ fèrè, inú mi a sì dùn débi pé n kò ní lè jẹun alẹ́. Nígbà tí mo rí lọ́rì tèmi tí ọ̀dà náà ń dán lára rẹ̀ nínú oòrùn, kí n má purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Pẹ́ńtà rò pé ọ̀dà ló ta sí mi lójú, ó sì ń wá àkísà kiri.

Mo ti rí iṣẹ́ kí ọ̀dà tó gbẹ pàápàá. Alhaja kan wà ní Ìdúmọ̀tà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta aṣọ ní béélì-béélì. Ó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá mi. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti ra tèmi, ó ní kí n wá kó ẹrù òun lọ sí Ìlọrin ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, pé bí mo bá ṣe é dáadáa, èmi ni n óò máa kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ọlọ́kọ̀ tuntun wo ló ń rí irú ìyẹn? Àmọ́ Alhaja ní òfin tirẹ̀. Òjò ti ba béélì rẹ̀ jẹ́ rí, níbi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ kan dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìwé, láti ìgbà náà ló sì ti ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú jígí lójú, kí wọ́n tó gbé ẹyọ béélì kan sókè.

"Ẹrù mi kì í gun ọkọ̀ tí ìwé ẹ̀ ò pé o," ó wí fún mi. "Tó bá di Jímọ̀ tí mi ò rí ìwé, ọ̀gá ẹ àtijọ́ ni mo máa pè."

Kí n sọ òtítọ́, ìwé ò bà mí lẹ́rù nígbà náà. Àwọn èèyàn máa ń kùn nípa ìwé ọkọ̀, èmi ń fi tèmi ṣe fáàrí. Mo ra fáìlì pupa kan tó ní síìpù, mo to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, láísẹ́ńsì ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì. Gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ olówó, fótókópì tó ti ṣá ni wọ́n máa ń kó fún wa, ojúlówó ò sì kúrò nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Báyìí, ojúlówó ló wà níwájú mi, mo sì máa ń ṣí fáìlì náà wò nígbà tí kò sí ìdí kankan láti ṣí i. Ìyàwó mi ní òun ò tíì rí mi kí n ka Bíbélì tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹyọ kan ló kù, ródíwọ́dì, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọkọ̀ yẹ láti máa rìn lójú títì, mo sì gbé lọ́rì lọ fún àyẹ̀wò ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú ìdánilójú pé n óò ti gbà á kí n tó jẹun ọ̀sán.

Ọ̀gá tó yẹ ọkọ̀ náà wò mọ iṣẹ́. Ó tẹ bíréèkì, ó wo iná, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó ń mi orí. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ó wá ṣí fáìlì mi, ó wo ìwé, ó wo lọ́rì, ó tún wo ìwé.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ wo lẹ gbé wá?"

"Òun náà rèé, sà."

"Wáìtì ló wà nínú ìwé. Gíríìnì ni mò ń wò."

Mo ní kí ó wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó ní òun ti wò ó, kò sì sí àléébù kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ sí i. "Ẹ lọ yí ti ìwé yẹn padà, àbí kẹ́ ẹ yí ti ọkọ̀. Èyí tó bá wù yín."

Àṣìṣe àwa dẹ́réba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọlọ́kọ̀ gan-an nìyẹn. A mọ ìró ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn, a mọ táyà tó fẹ́ bẹ́ kó tó bẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹlòmíràn ló ń bá wa ṣe ìwé láti ọjọ́ yìí wá, a ò mọ̀ pé ìwé náà ń kíyè sí àwọ̀. Ìdùnnú ló sáré ṣíwájú ọgbọ́n mi. Mo pe pẹ́ńtà, ó ní òun lè dá a padà sí funfun kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀nà kejì ni pé kí n lọ búra ní kóòtù pé èmi ni mo yí àwọ̀ náà padà, kí n gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì tẹ láísẹ́ńsì mìíràn fún mi. Ọjọ́ méjì péré ló kù, mo sì yan ọ̀nà tó gùn.

Àárọ̀ Ọjọ́rú bá mi níwájú kóòtù kan ní Èkó, lábẹ́ agboòrùn ńlá, níwájú obìnrin kan tó ń bá èèyàn tẹ àfidáfíìtì, ìwé ìbúra kóòtù, lórí kọ̀ǹpútà kékeré. Ó béèrè orúkọ mi, ó béèrè nọ́ńbà ọkọ̀. Ó wá béèrè ìdí tí mo fi yí àwọ̀ padà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ tú ẹnu mi. Mo sọ ti Bàbá Ọlọ́kọ̀ fún un, mo sọ ti fèrè, mo sọ ti ìlà yẹ́lò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ń rẹ́rìn-ín, "kóòtù ò bi yín léèrè bàbá yín o."

"Jọ̀ọ́, kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ ọ́ pé àwọ̀ lọ́rì tí bàbá mi ní nìyẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè pé, "Ẹ máa búra sí gbogbo ohun tó wà níbí o. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé ọkọ̀ Dádì yín nílé, ẹ mú fótókópì ẹ̀ wá, ká so ó mọ́ ọn. Á tún lágbára sí i."

Ìwé bàbá mi, kí wọ́n so ó mọ́ tèmi! Èrò náà gbé mi sókè. N kò dúró wọ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi gba àárín ọjà já sí ilé wa, mo ń bá àwọn alábàárù du ọ̀nà, mo ń tọrọ àforíjì láìbojú wẹ̀yìn. Màmá mi wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ Àgùdà pọ́ńbélé ni, kì í pa Máàsì jẹ, kì í sì í gbé ohùn sókè. Mo sọ ohun tí mo wá gbà fún un, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi búra ni, Mọ́mì. Ní kóòtù."

"Pẹ̀lú Bíbélì?"

"Pẹ̀lú Bíbélì."

Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó wá sọ pé, "Má fi Bíbélì búra sí ìyẹn, ọmọ mi. Kò sí ìwé ọkọ̀ kankan lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti bàbá ẹ."

Ó sọ ìyókù fún mi láìwo ojú mi. Alágbàṣe ni bàbá mi, bí mo ṣe jẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wa lọ́rì náà fún oníṣòwò kan, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ọ̀dà kùn ún, débi pé èèyàn ò bi í léèrè ẹni tó ni ín mọ́. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín ni oníṣòwò náà rán dẹ́réba mìíràn wá gbé ọkọ̀. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè lọ́rì, màmá mi ní òun ti tà á fi san owó ilé ìwé wa. Owó ilé ìwé náà, aṣọ àti góòlù ìgbéyàwó rẹ̀ ló tà fi san án.

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù bàbá yín lẹ́ẹ̀mejì," ó wí. "Lọ kùn ún padà sí funfun tó o bá fẹ́. Èmi ni mo fà á."

Mo ti rò pé inú á bí mi. Mo kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Èmi náà ti fi ọdún mọ́kànlá pe ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní ọkọ̀ mi. Èmi náà ti jí ní ìdájí fọ dígí tí kì í ṣe tèmi, tí mo ń bínú sí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. N kò tíì mọ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo di màmá mi mú, mo ní, "Mọ́mì, àwọ̀ yẹn ò kúrò níbẹ̀ mọ́ láé," mo sì ti wà lójú ọ̀nà kó tó lè dáhùn.

Obìnrin abẹ́ agboòrùn náà pa ìlà kan rẹ́, ó tẹ òmíràn: pé mo kun lọ́rì mi ní àwọ̀ lọ́rì tí bàbá mi wà fún ẹlòmíràn títí ó fi kú. Ó kà á fún mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú kóòtù, akọ̀wé àgbà tó ń gba ìbúra kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí láti òkè jígí rẹ̀, ó bi mí bóyá òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo dáhùn pé "Òtítọ́ ni, sà" tagbáratagbára tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lórí ìlà yíjú padà. Ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀, eré ni mo ń sá: tésàn ọlọ́pàá ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ọ́físì láísẹ́ńsì ní Ọjọ́bọ̀, níbi tí iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn fa jẹnẹrétọ̀. Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni ọ̀gá àyẹ̀wò wo ìwé, ó wo lọ́rì, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò gba irú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Alhaja fi jígí sójú, ó ka gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì pátápátá, kódà ó ka àfidáfíìtì. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù. Ó dá fáìlì padà fún mi, ó kígbe sí àwọn alábàárù pé, "Ó yá, ẹ gbé e!" Wọ́n ń gbé béélì sókè lọ́wọ́ nígbà tí màmá mi dé, tó fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé pẹ̀lú omi mímọ́ nínú ìgò kékeré. Ó wọ́n ọn sí táyà, ó wọ́n ọn sí mi lórí. Ó wá ní kí n mú ìwé náà wá kí òun rí i. Mo nawọ́ láísẹ́ńsì tuntun sí i, ó sì ń fi ìka tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ sí. Orúkọ bàbá mi ni gbogbo wa ń jẹ́ nílé wa. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀, kò gbé e kúrò, èmi náà ò sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti tún ìwé ọkọ̀ ṣe ní ìgbà púpọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn tí láísẹ́ńsì bá fẹ́ parí, pé mo máa ń múra lọ sí ọ́físì náà bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá mi fi tọ́jú ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Lọ́dọọdún, èmi ni mò ń lọ dúró níwájú tábìlì yẹn kí wọ́n lè tún orúkọ náà kọ.