Àwo Orin Tí Mo Gbé Ti Iná

Òórùn kẹrosíìnì ni ó máa ń jí mi ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta ń gbé ní òkè ilé kan ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí òpópónà Rye Lane. Òtútù ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi máa ń ya òdòdó sí gíláàsì fèrèsé láti inú. Ìyá mi a tan sítóòfù, wọn a sì na aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi síwájú rẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. "Ohun gbogbo ni ó ń fẹ́ ìgbóná díẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ.

Bàbá mi ń kọ́ nípa òfin, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní àwo orin kan tí wọn kì í yá ẹnikẹ́ni. Ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń fọn fèrè jáàsì àti ará Bràsíìlì kan tí ó ń ta gìtá bossa nova, orin jẹ́jẹ́ ilẹ̀ wọn, ni wọ́n jọ ṣe é. Gìtá náà a máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó bọ́ bàtà kí ó má baà jí ọmọ. Fèrè a sì máa mí lé e lórí. Ẹnìkan kò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu. Bàbá mi a ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́." Ní ọ̀sán Sátidé, bí àlejò bá ti jókòó, èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ gbígbé abẹ́rẹ́ lé àwo náà. N kò dé ipò kan tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ìyá mi lọ ra iṣu ní ọjà Brixton, bàbá mi lọ gé irun. Mo fọwọ́ kan àwo náà, ó tutù bí irin. Mo gbé e síwájú sítóòfù gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí aṣọ mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, etí rẹ̀ ti tẹ̀ bí ewé kókò.

N kò bẹ̀rù ẹgba tó bí mo ti bẹ̀rù pé wọn yóò gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi. Mo sì mọ̀ pé ọmọ tí ó bá ṣẹ bàbá rẹ̀, àgbà ni ó ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní ẹbí kankan ní Peckham. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Desmond, ọmọ Jàmáíkà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ìsàlẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn, mo sì kọ́ wọn ní ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí orí eékún ni wọ́n máa ń dúró sí.

Bí àwọn òbí mi ti dé, Ọ̀gbẹ́ni Desmond gòkè wá tòun ti aṣọ iṣẹ́, wọ́n nà gbalaja sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ahọ́n tí kò gún. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Desmond, ta ni ó kọ́ ọ ní èyí?" ni bàbá mi bèèrè.

"Ọmọ rẹ ni. Ó ní bí àyà mi kò bá kan ilẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Òótọ́ ni ó sọ. Dìde, kí yúnífọ́ọ̀mù rẹ má baà bàjẹ́. Kí ni ó tilẹ̀ ṣe?"

Mo gbé àwo náà jáde. Bàbá mi wò ó pẹ́, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì yíjú sí mi. "Gbé abẹ́rẹ́ lé e."

Mo gbé e lé e. Abẹ́rẹ́ náà gòkè, ó sọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, fèrè àti gìtá sì jọ ń mì. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń sọ fún àlejò pé bí wọ́n ti ń ṣe tiwọn ní Bràsíìlì nìyẹn.

Lónìí, Hafsat, ọmọ ọmọ mi, a máa gbọ́ orin kan náà lórí fóònù rẹ̀ nínú ilé ìdáná mi. "Grandma, all my friends ń gbọ́ eléyìí," ni ó wí. "Kò kàn pariwo ni. It's calm." Mo rántí àwo tí mo gbé ti iná. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ; síbẹ̀, bí mo bá ṣẹ ènìyàn, ó máa ń pẹ́ kí n tó lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni pé kí ó bá mi bẹ̀bẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn sàn jù mí lọ níbẹ̀. Nígbà tí orin náà dé ibi tí àwo wa ti máa ń mì, ti fóònù kò mì. Orí mi ni ó mì.