Bàbá Kàmọ́rù Kì í Kẹ̀yìn Síni Lásán

Kò sẹ́ni ní àdúgbò Akpakpa tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Kàmọ́rù, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, lọ sọ́dọ̀ nótéè, amòfin tó ń báni kọ ìwé ìhágún. Ọkùnrin náà fi Faransé béèrè pé tẹsitamá rẹ̀ dà, ìyẹn ìwé ìhágún tó bá ti kọ tẹ́lẹ̀. Bàbá rò pé Testimony ni wọ́n ń béèrè, aránṣọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó háyà yàrá nílé rẹ̀.

"Ó wà níta," ni Bàbá wí. "Ó ń jẹ àgbàdo."

Ẹnu ya nótéè. Bàbá jáde, ó fa Testimony wọlé tòun ti àgbàdo lọ́wọ́. "Tẹsitamá rèé. N kò mọ̀ pé òkìkí rẹ̀ ti kàn dé bíró."

Ohun tí Bàbá ń fẹ́ kò pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká, Kàmọ́rù àkọ́bí tó sún mọ́ ọn jù ń gbé Abomey-Calavi, fóònù ló sì fi ń kí i. Yàrá tí ìyàwó rẹ̀ kú sí ni òun náà fẹ́ kú sí. Bí ẹnu bá kọ iṣẹ́ fún un, kí Testimony máa gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nótéè, tó gbọ́ èdè Nàgó díẹ̀, ní kò burú, kí ó wá ẹlẹ́rìí méjì.

"Ẹ gba ọ̀kan."

"Bàbá, òfin ni. A kì í ná an."

Bẹ́ẹ̀ rèé, ọjà Dantokpa ni Bàbá ti ta ìkòkò títí orí rẹ̀ fi funfun. Ó mọ̀ pé bí ọlọ́jà kò bá gbà, ẹni tó ń nájà á kẹ̀yìn, á máa rọra lọ, ọlọ́jà á sì pè é padà. Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí nótéè, ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ pa èèrà. Nótéè ò pè é. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń tún fìlà dé. Àánú rẹ̀ ṣe Testimony.

"Bàbá, ẹ padà wá, a ti gbà."

Bàbá padà wá jókòó tayọ̀tayọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì náà ni wọ́n kúkú lò.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ Testimony nìyẹn. Dókítà ní kí Bàbá má jẹ iyọ̀ mọ́, Bàbá ní kí wọ́n dá a sí méjì, ó kẹ̀yìn, Testimony pè é padà. "Ẹni tí kò lẹ́ni tí yóò pè é padà," ló máa ń sọ fún un nírọ̀lẹ́, "kó má nájà o." Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Testimony náà láti ilé.

Àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ dé, ohùn Bàbá lọ. Kàmọ́rù gbé mọ́tò wá láti Calavi.

"Àbúrò, ẹ ṣeun. Ilé mi fẹ̀, a ó máa gbé Bàbá lọ."

Testimony mú ìwé nótéè jáde. Ẹ̀rù bà á, nítorí àlejò ni, kò sì bá wọn tan. Kàmọ́rù kà á tán, ó ní ìwé kì í tọ́jú bàbá ẹni. Lórí ibùsùn, Bàbá rọra yíjú sí ògiri.

"Ó ti sùn," ni Kàmọ́rù wí.

"Rárá, bọ̀ọ̀dá. Ó ń nájà ni. Ẹ pè é padà."

Kàmọ́rù ti ru ìkòkò tẹ̀lé bàbá rẹ̀ rí ní kékeré. Ó wo ẹ̀yìn bàbá náà títí, omi lé sí i lójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ padà wá. A ti gbà."

Bàbá yíjú padà. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

Inú yàrá náà ló kú sí, ó kọjú sí ògiri. Testimony pè é bó ti máa ń pè é. Ó tún un pè. Kò yíjú.

Títí dòní, Tẹsitamá ni àdúgbò ń pe Testimony, ó sì ń jẹ́ ẹ. Bó bá lọ ra òwú ní Dantokpa, á nájà díẹ̀, á kẹ̀yìn, á máa rọra lọ. Nígbà mìíràn òwú náà kò tiẹ̀ wọ́n. Ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan pe òun padà ni.