Gílóòbù Ẹlẹ́rìí

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá pinnu bóyá ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó kù wá á dúró tàbí kò ní dúró mọ́, gílóòbù ẹlẹ́rìí fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò tíì jẹun. Oòrùn ò tíì gun orí òrùlé àdúgbò Cissin dáadáa. Mo dúró pẹ̀lú àkísà tútù lọ́wọ́, mo ń wo àfọ́kù gíláàsì nílẹ̀.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹni tí kò mọ̀ mí má baà rò pé aláìmọ̀kan kan ni mí. Ìwé kẹta ni mo kà tí mo fi iléèwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi ní Wàgádúgù yìí. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò tàbí ampilifáyà tí kò mọ̀ mí. Bí rédíò bá ń húkọ́ nílé kẹta, èmi ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ọlọ́run ló fún mi, mi ò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó sọ ọ́.

Bàbá wa ló dá òwò náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gáná, àwọn kan gbé aṣọ wá síbí, àwọn kan gbé ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Bàbá wa gbé àpótí kan tó kún fún eegun inú rédíò, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí èèyàn ń fi òjé lẹ̀ pọ̀ títí wọn á fi di ohùn. Ó tẹ́ tábìlì sí Zangouettin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá. Àwọn tó ń ṣàtúnṣe rédíò ń rà á o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á jù ni àwọn tí kò fi ṣe iṣẹ́ jẹun: tíṣà, nọ́ọ̀sì, sójà, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohun tó ń dùn mọ́ wọn ni kí wọ́n jókòó to nǹkan kan pọ̀ tí yóò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù wa di mẹ́ta: Zangouettin, Koulouba, Cissin. Ọ̀dà kan náà la fi kun gbogbo wọn, àwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú àwòrán rédíò pupa lára ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Sátidé, èrò á dúró dé ojú títì.

Kì í ṣe ọjà nìkan ló ń fà wọ́n wá. Bàbá wa ní àṣà kan. Ẹni tó bá ra eegun rédíò lọ́wọ́ wa, tó sì tò ó tán, kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi iná sí i nílé ara rẹ̀. Ó ní láti gbé e wá. Pátákó kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, gílóòbù kan sì wà lórí rẹ̀, irú ti àtijọ́ tó ní okùn irin tín-ín-rín nínú, tó máa ń gbóná. Iná gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù yìí kọjá kó tó dé inú nǹkan tuntun náà. Bí gílóòbù bá tàn yòò tó sì dúró bẹ́ẹ̀, àṣìṣe wà nínú ohun tí o tò. Gílóòbù ti bá ọ jẹ ìyà náà, nǹkan rẹ ò jóná, gbé e padà lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá tàn yòò tó wá ń rọ̀, tó ń rọ̀, tó dà bí ẹyinná tó ń kú lọ, àlàáfíà ni. Gbogbo ilé á kígbe “Barka!” bí àwọn Mọ́sì onílùú ṣe máa ń dúpẹ́, ẹni tó ni nǹkan á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Mo ti rí ọ̀gá sójà tó sunkún níwájú gílóòbù yẹn. Bàbá wa kò sì gba owó rí lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún àárín ìlú ṣe, wọ́n wó Zangouettin, tiwa bá a lọ. Koulouba kò wó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn dá níbẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́, wọ́n ń jù ú nù. Ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ eegun rédíò, á tẹ fóònù, ọjà á ti Ṣáínà wá bá a nílé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé Koulouba fún àwọn tó ń báni fowó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó ku Cissin, ó ku èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alàájì, ló jogún àṣẹ. Èmi ni mo jogún ọwọ́. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí n dúró.

“Àbúrò, ẹnì kan fẹ́ gba Cissin. Àpò fóònù ló ń tà.”

“Àpò fóònù? Ṣé fóònù ń rìnrìn àjò ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni to nǹkan kan gbẹ̀yìn níbẹ̀?”

“Háà, Alàájì! Wọ́n pọ̀ bí eṣú.”

“Fi ẹyọ kan hàn mí. Ẹyọ kan tó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ to nǹkan láti ara ọjà wa. Bí mo bá fojú mi rí i, ṣọ́ọ̀bù á dúró. Bí mi ò bá rí i, màá gba kọ́kọ́rọ́.”

“Ẹ wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀,” ni mo wí. “Kí ẹ sì dáàbò bo etí yín, torí ariwo rẹ̀ á dé mọ́sáláṣí.”

Kì í ṣe ìlérí òfo. Tíṣà àgbà kan wà, ọmọ Mọ́sì, tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń to ampilifáyà kan fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé lórí pátákó wa lòun á ti kọ́kọ́ tan án. Mo ránṣẹ́ sí i pé Sátidé ni o, kó má yẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè jí lọ́jọ́ náà. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo nu àwọn àpótí. Mo tan gílóòbù ẹlẹ́rìí wò, ó tàn, ṣùgbọ́n eruku pupa ti bò ó. Mo ní kí Alàájì má bá a bẹ́ẹ̀. Mo fi àkísà tútù nù ún bó ṣe gbóná. Kẹ́ẹ́! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í fọwọ́ kan nǹkan ni nǹkan kì í fọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Mo gun alùpùpù mi. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, gílóòbù funfun irú tuntun, èyí tí kì í gbóná. Ìkejì, òun náà ni. Èyí tuntun yẹn kò lè jẹ́rìí. Iná tó ń mu kò tó nǹkan, a máa tàn bákan náà fún olóòótọ́ àti fún èké. Mo dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, mo yà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta okùn iná. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín.

“Patron, ọ̀gá wa, irú ti ayé ọjọ́un lẹ ń béèrè yẹn! Ṣé ẹ fẹ́ gbé e fún òkú ni?”

Mo kúrò níbẹ̀. Oòrùn ti ń gòkè. Mo ti ń rò ó pé Alàájì á ti wọ bàtà. Mo ti yí alùpùpù padà sí Cissin, ọwọ́ òfo, kí n tó rántí pé ibì kan wà tí wọn ò ti gbọdọ̀ lo èyí tí kì í gbóná.

Obìnrin kan láti Èjìgbò wà ní títì ẹ̀yìn wa tó ń sin ọmọ adìyẹ.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Aládìyẹ.”

“Oní-rédíò! Kí ló lé yín wá láàárọ̀ yìí? Àbí rédíò yín ti ń yé ẹyin?”

“Gílóòbù kan ni mo wá tọrọ, Ìyá.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òórùn adìyẹ mi ń ba ọlá ṣọ́ọ̀bù yín jẹ́?”

“Ẹnu mi ló sọ ọ́. Imú mi ò mọ̀ sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ilé mú. Mo ní, “Ìyá, bí n kò bá rí i nísinsìnyí, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù lónìí.” Ẹ̀rín náà dá. Nínú àpótí kan, àwọn ọmọ adìyẹ kéékèèké kó ara jọ sábẹ́ iná, wọ́n ń ké. Ó fi etí ìró rẹ̀ di gílóòbù náà mú, ó ń tú u, ó ń mí fùkẹ̀.

“Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ni o. Òtútù ò dáa fún wọn. Ẹ tètè dá a padà. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ̀yin lẹ máa wá dúró síbí, tẹ́ ẹ máa ké rọ́pò rẹ̀.”

Mo fi gílóòbù sínú fìlà mi, mo fi fìlà sínú aṣọ mi. Mi ò tíì rọra gun alùpùpù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Gbogbo kòtò Cissin ló dìde lójú mi lọ́jọ́ náà.

Alàájì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà ti dé, ampilifáyà rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó bí ọmọ tó ń sùn. Ọkùnrin alápò-fóònù náà ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi okùn wọn ògiri.

“Níbo lo lọ?” ni Alàájì bi mí.

“Mo lọ mú ẹlẹ́rìí wá.”

Mo dè é mọ́ pátákó. Tíṣà gbé nǹkan rẹ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì iwájú wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì náà ti wá. Mo wo ojú gbogbo wọn, mo ṣe “Bísímílà,” mo tẹ bọ́tìnì.

Gílóòbù tàn yòò.

Kò rọ̀. Alápò-fóònù wúkọ́. Mo mọ̀ pé nǹkan ńlá máa ń mu iná díẹ̀ kó tó yó, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ò lè gba ohun tí orí mọ̀. Tíṣà ti di ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó pọ́n. Ó pọ́n díẹ̀ sí i. Ó di ẹyinná. Tíṣà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó kí wa ní Mòoré, èdè àwọn Mọ́sì, pé ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé, ohùn rẹ̀ sì jáde kúrò nínú àpótí yẹn bí ohùn ọba. Àwọn ewúrẹ́ sá. “Barka!” ni gbogbo wa kígbe, “Barka!”

Alàájì dìde. Ó fọwọ́ lé àpótí náà bó ṣe ń gbọ̀n rìrì. Mo rí ojú rẹ̀, ó ti padà di ọmọ Zangouettin tó ń jókòó lábẹ́ tábìlì bàbá wa. Mo ní lọ́kàn mi, ó tán, a ti borí.

Ó wá yíjú sí Tíṣà, ó bi í ní Mòoré pé, “Ṣé ọjà wa ló wà nínú rẹ̀?”

Tíṣà gbé orí sókè. Ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń wá lójú mi. Tí mo bá ṣẹ́jú sí i lásán, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó fẹ́ràn mi ni. Èmi náà kò bi í rí ibi tó ti rí àwọn eegun ńlá yẹn, torí mo mọ̀ pé ó pẹ́ tí àpótí tiwa ti gbẹ. Ṣùgbọ́n gílóòbù ṣì wà níbẹ̀ lórí pátákó, ó pọ́n fẹ́ẹ́, ó ń wò wá. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń sọ fún èèyàn pé a kì í purọ́ níwájú rẹ̀.

“Tíṣà,” ni mo wí, “ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.”

“Okùn rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni,” ló wí. “Ọkàn rẹ̀, orí fóònù ni mo ti rà á. Kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò láyà láti tan án nílé. Gílóòbù yín ni mo wá bá.”

Alàájì mú ọwọ́ kúrò lórí àpótí náà.

“O gbọ́,” ni Alàájì sọ.

“Mo gbọ́.”

“Okùn àti bọ́tìnì.”

“Àti ẹlẹ́rìí,” ni mo wí.

“Ẹlẹ́rìí kì í san owó ilé, àbúrò.” Ó rọra sọ ọ́ ni, kò fi bú mi. Ó na ọwọ́.

Mo lè sọ pé òun ni kò ra ọjà tuntun. Òótọ́ ni, gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ ọ́ níwájú alápò-fóònù. Ọmọ bàbá kan náà ni wá. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mi ò sì tẹ orí ba.

“Bàbá, ẹ fi pátákó yìí sílẹ̀,” ni alápò-fóònù wí. “Màá fi àpò kọ́ sára rẹ̀.”

“Fọwọ́ kàn án kí o rí i,” ni mo wí fún un.

Èmi fúnra mi ni mo tú u kúrò lára ògiri. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì pọ́n bí ìyeyè tuntun, gbogbo ìyókù ti ṣá. Tíṣà bá mi gbé e dé ilé mi. Nígbà tá a gbé e kalẹ̀ tán, ó ní ṣé inú ń bí mi sí òun. Mo ní, “Ampilifáyà tó sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ máa lọ, àwọn akọrin ń dúró dè yín.”

Mo fi gílóòbù sínú fìlà, mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Aládìyẹ. Ó ti kó àwọn ọmọ adìyẹ rẹ̀ sínú ìró lórí ẹsẹ̀, ó ń mí atẹ́gùn gbígbóná sí wọn lára. Mo dè é padà sí ibi tó wà. Ó tàn yòò, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò rọ̀. Ó kó wọn padà sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn.

“Kò sí èyí tó kú,” ló wí. “Ṣé nǹkan Tíṣà sọ̀rọ̀?”

“Ó sọ̀rọ̀ dé mọ́sáláṣí.”

“Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?”

“Wọ́n ti gbà á.”

Ó fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ gílóòbù náà láàárín àwọn ọmọ adìyẹ.