Ẹ̀rín Àìná Nínú Fèrè Adélékan

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àìná fi ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Kútọnu, ìwé kan kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹni tó bá rò pé mò ń pọ́n ọn lásán, kó lọ bi àwọn ọ̀gá mẹ́sàn-án tó bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ń ṣèpàdé, yóò kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ wàràwàrà. Èyí ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní buruyọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni yóò tún un tẹ̀ kó mọ́ tónítóní, yóò yọ awuyewuye kúrò, yóò yọ àwàdà kúrò, yóò yọ èébú kúrò. Èyí tó mọ́ yóò wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Buruyọ́ọ̀nù náà kì í ṣòfò, torí Àìná kì í da nǹkan nù. Ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń kó o lọ, ìyẹn á sì fi máa pọ́n àkàrà fún àwọn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ àṣírí ìjọba ló ti bá àkàrà wọlé àwọn èèyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á.

Ọmọ Pobè ni, Nàgó paraku. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n sì ní a kì í na Àìná. Ẹ̀kọ́ tí àwọn yòókù fi ẹgba kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ara rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi le ju ti gbogbo wọn lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó lọ sí ilé tó kọ́ sí Agblangandan, ilé náà sì dákẹ́ jù fún un. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Adélékan, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pè é wá sí àgbàlá ilé bàbá rẹ̀ ní Cadjèhoun, kó wá gbọ́ bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe ń ṣeré. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Adélékan ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní jọ́gíráfì. Ní ọ̀sán Sátidé, sasofóònù ló ń fọn. Tèmítáyọ̀, tó ń dirun fún àwọn obìnrin ládùúgbò, ló ń lu ìlù. Sènà, ọmọ Ègùn kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ló ń ta gìtá onígi ńlá tó ga jù ú lọ.

Jáàsì ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n jáàsì tó ti já okùn. Kò sí ẹni tó ń wo ìwé, kò sí ẹni tó mọ ibi tí orin ń lọ. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ohun tó wù ú lọ́wọ́ ẹnì kejì, yóò fèsì, ìyẹn náà yóò dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa bá a lọ títí tó fi máa rẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àìná rò pé fèrè náà ti bàjẹ́ ni, ojú sì tì í fún Adélékan. Lọ́jọ́ kejì, ó wá nítorí pé ó ti ṣèlérí. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan kan nínú orin náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó dìde dúró. Nígbà tí wọ́n parí, ó bẹ Adélékan pé kó tún ìyẹn fọn fún òun. Adélékan ní kò ṣeé ṣe. Ohun tí àwọn bá fọn lónìí, ó ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àìná wọ egungun. Lóòótọ́, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n torí ẹ̀ gan-an ni ìjọba ṣe ń gba akọ̀wé. Kí èèyàn mẹ́ta jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún wákàtí méjì, kó má sí àkọsílẹ̀ kankan? Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò pa Sátidé kan jẹ. Aga rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, ẹ̀rọ wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Tanti Akọ̀wé. Tó bá délé, yóò kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe bó ṣe máa ń tún ìwé ìpàdé ṣe. Cadjèhoun sì rèé, ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú ni, ariwo kì í wọ́n níbẹ̀. Bí ọkọ̀ òfurufú bá kọjá, Àìná á gé e. Bí Sènà bá wúkọ́, ó gé e. Àkùkọ aládùúgbò tó máa ń kọ nígbà tí kò yẹ, òun náà bá a lọ. Adélékan kò mọ̀, nítorí kì í gbọ́ ohun tó bá ti fọn kọjá. Ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Tanti ni.

Buruyọ́ọ̀nù ńkọ́? Inú àwọn káàdì kékeré tó ń wọ ẹ̀rọ ló wà, Àìná kò sì lè dà wọ́n nù. Mùbárákù ló ń kó wọn fún. Ará Ìsẹ́yìn ni Mùbárákù, ó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Missèbo, ó sì háyà yàrá méjì lẹ́yìn ilé Àìná. Ó ní rédíò oníkáàdì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì bìkítà ohun tó wà nínú káàdì, bó bá ṣáà ti ń dún.

Ọdún mẹ́ta kọjá báyìí. Sènà ríṣẹ́ sí Gàbọ́ọ̀nù, ó kó lọ. Adélékan wá fi àwọn àkọsílẹ̀ tó mọ́ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Bẹ́líjíọ̀mù tó ń gbé irú orin bẹ́ẹ̀ jáde. Lóṣù kẹta ọdún yìí, èsì dé. Adélékan gbé e wá sí Agblangandan, ó kà á fún Tanti. Wọ́n ní orin náà wu àwọn gan-an, pàápàá ti ọjọ́ kan tí fèrè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ orin kékeré kan tó ń fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Kí wọ́n fi ti ọjọ́ náà ránṣẹ́ ní odindi bó ṣe rí gan-an, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá sí i, àwọn kò ní lè ṣe é.

Adélékan pa lẹ́tà náà dé. Ó rọra sọ pé, “Tanti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn.”

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó ti ń fọn fèrè láti ogún ọdún, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ kọjá ògiri àgbàlá yẹn. Sènà ti lọ. Kódà ká ní kò lọ, ṣé a lè pe ọjọ́ tó ti kọjá padà ni? Àìná ní láti sọ fún un pé òun ti kó o fún èèyàn. Ó retí kó bínú, Adélékan kò bínú rárá, ó kàn ń kan sáárá sí i pé ó ti sapá. Ìyẹn ló wá dùn ún jù. Akọ̀wé tí ìwé kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nù.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tó fi gun ọ̀kadà zẹ́míjàn, ó di Missèbo. Mùbárákù ń tú bélì, ìdì aṣọ ńlá kan, lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé Màmá wá, ó káwọ́ lérí. Wàásù Ramadan ló ti gbà sórí gbogbo káàdì wọ̀nyẹn. Àìná jókòó sórí bélì.

Mùbárákù wá ní, “Àfi ẹyọ kan. Ìyẹn, mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi wà nínú ẹ̀, Màmá.”

Ló bá ki káàdì náà bọ rédíò. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dún, nítorí gbogbo wọn ti há a sórí. Fèrè ń dún, ìlù ń lọ, ọkọ̀ òfurufú kọjá. Lẹ́yìn náà ni ohùn Mùbárákù jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ló wá gbà lọ́wọ́ Àìná ní Cadjèhoun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ o, ta ló ń na ewúrẹ́ níbí?”

Sasofóònù dákẹ́ díẹ̀, ó wá ké bí ewúrẹ́, ó dá a lóhùn. Obìnrin kan sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èémí há, ó wá já wálẹ̀. Kíá ni fèrè gbà á. Ó gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó há, ó já wálẹ̀. Ìlù tẹ̀ lé e, gìtá Sènà tẹ̀ lé e, wọ́n ń jù ú síra wọn lọ́wọ́.

Orin kékeré tí àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù fẹ́ràn nìyẹn. Àìná ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogójì, ìgbà gbogbo ló sì ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni Adélékan ti rí i. Ẹ̀rín òun ni. Òun ló gé e kúrò, nítorí kò sí akọ̀wé tó ń kọ ẹ̀rín ara rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. Ó jókòó sórí bélì òkìrìkà, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mùbárákù kò mọ èyí tí òun yóò bá a ṣe, ló bá fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú bélì kó fi nu ojú.

Nígbà tí Adélékan gbọ́ ọ ní pálọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yà á lẹ́nu pé òun ti gbàgbé pátápátá. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní, “Tanti, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Èmi kàn ń tẹ̀ lé yín lẹ́yìn ni.”

Àwo náà jáde lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí oníkálukú ń lò. Nísàlẹ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ pé: Àìná, ẹ̀rín àti àkọsílẹ̀. Mùbárákù ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi òun sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé: Mùbárákù, ìbéèrè kan. Ẹyọ àwo kan ti wà lórí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Missèbo, ẹ kò ní lè ra ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀ kó má kọ́kọ́ fi hàn yín.

Káàdì buruyọ́ọ̀nù yẹn ti wà nínú àpótí irin tí Àìná kó ìwé ìbí rẹ̀ sí. Àwọn tó mọ́ tónítóní ló kó sórí káàdì ní Sátidé tó kọjá, ó kó wọn fún Mùbárákù nínú àgbàlá ní Cadjèhoun, torí kì í da nǹkan nù. Mùbárákù gbọ́ ọ̀kan díẹ̀, ó dá gbogbo wọn padà.

“Ẹ má bínú, Màmá. Kò sí èèyàn nínú ìwọ̀nyí.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àìná. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án. Ní òdìkejì àgbàlá, Adélékan gbé fèrè sẹ́nu.