Máàkì Tí Mo Fi Pín Ilé ní Ìsẹ́yìn

Ariwo òfì ló máa ń jí mi ní gbogbo àárọ̀ ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé ní Ìsẹ́yìn. Kí oòrùn tó mú, àwọn ahunṣọ tó wà níwájú ilé tí mo gba yàrá sí yóò ti jókòó ti iṣẹ́ wọn. Wọ́n á ta òwú gbọọrọ gba iwájú ilé mẹ́ta kọjá, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí lọ́hùn-ún kó má baà dẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ńṣe ni mo máa ń ká ìró mi sókè, tí n ó máa fo òwú bí ẹni ń fo odò kékeré. Ọmọ Ṣakí ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba nígbà náà ni, wọ́n sì fi mí sí ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ariwo yẹn máa ń bí mi nínú gan-an. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí èmi ń lọ ṣe ló ṣe pàtàkì jù ní gbogbo àdúgbò.

N kò tí ì pé ọdún kan níbẹ̀ tí ìwé fi wá láti òkè pé ìjọba ti ya owó kan sọ́tọ̀ láti fi yá àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan, kí wọ́n lè ní ilé tiwọn. Kì í ṣe pé wọn yóò kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kó wá tọrọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá yege, wọn yóò gba agbaṣẹ́ṣe láti kọ́ ogún ilé kéékèèké fún wọn, ẹni tí ilé bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò sì máa san ẹ̀yáwó náà padà díẹ̀díẹ̀ títí ilé yóò fi di tirẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti ẹgbẹ́ kan lọ. Wọ́n wá yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin tí yóò mú ẹgbẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀, ẹnjiníà kan, àti ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ǹtì. Èmi ni akọ̀wé wọn.

Ẹgbẹ́ méjì ló wá. Àwọn tíṣà ni èkínní. Èkejì ni àwọn ahunṣọ, àwọn kan lára àwọn tí mo ń fo òwú wọn láràárọ̀. Olórí àwọn ahunṣọ jẹ́ ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba Ìbejì, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tó máa ń fi ìka gbá fọ́nrán òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀ nígbà tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Alága ní kí n wá ọ̀nà tí a ó fi mọ ẹgbẹ́ tó tọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe ojúsàájú. Mo jókòó ti kọ̀m̀pútà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo ṣe ìwé máàkì kan. Ẹgbẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ bá dájú, ogójì máàkì. Ẹgbẹ́ tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá pé, ọgbọ̀n. Ẹgbẹ́ tó bá ti yá owó rí tó sì san án, ogún. Mẹ́wàá tó kù ni mo fi sí bí àìrílégbé ṣe pọ̀ tó láàárín wọn. Nígbà tí mo tẹ ìwé náà jáde, mo ń wò ó bí abiyamọ ṣe ń wo ọmọ tuntun. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kò sí ọmọ ta ni ọ́, kò sí ta lo mọ̀. Mo ní òdodo rèé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ìwé máàkì yẹn ni aṣọ mi. N kò tí ì ní àkísà kankan.

A lọ bẹ àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì wò. Àwọn tíṣà gbà wá lálejò nínú kíláàsì kan, wọ́n kó ìwé owó oṣù wọn sínú fáìlì, wọ́n tò ó létòlétò. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilé bàbá àwọn ni, àwọn kan ní ilé ọkọ. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò sí ibi tí máàkì rẹ̀ wà.

Baba Ìbejì ní tirẹ̀ mú wa wọ yàrá tí ó háyà. Òjò ti jẹ ìsàlẹ̀ ògiri alámọ̀ náà wọnú, ìyàwó rẹ̀ sì ti to àpò òwú sórí bẹ́ńṣì kí omi má baà débẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, òun ni wọ́n ń kó ẹrù iṣẹ́ sí, àwọn mẹ́fà ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ó na kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan síwájú wa. Ó ti fi bíròó ya ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn ilé náà kọjú síra wọn, kí ẹ fi àárín sílẹ̀ gbọọrọ fún wa. Ibẹ̀ la ó ti máa ta òwú.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. “Baba, àwòrán ilé ti wà nílẹ̀ láti Ìbàdàn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní fẹ́ǹsì tirẹ̀.”

Baba Ìbejì ká kàlẹ́ńdà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ohun tí wọ́n ń bèèrè kò bá ètò mu.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ pinnu, a ní kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá sọ tẹnu rẹ̀. Ti àwọn tíṣà kò pẹ́, ó ní owó oṣù àwọn ni ìjọba yóò ti máa yọ ọ́, kò sí wàhálà. Nígbà tó kan Baba Ìbejì, ó dìde, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ ní torí ẹni tí kò ní ilé ni owó yìí ṣe jáde. Ẹ wá ń wá ẹni tó ní owó oṣù. Àwa kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n ọdọọdún là ń san owó ilé fún onílé, a kì í jẹ ẹ́. Ṣé èyí tí à ń san fún onílé kì í ṣe owó ni?”

Alága ní, “Baba, a gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí aṣọ tà ńkọ́?”

“Bí ìjọba kò bá san owó oṣù ńkọ́?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan olórí àwọn tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde tán, ẹ̀rín kò sí mọ́. Nọ́ọ̀sì àti onísímẹ́ǹtì ní kí a pín ilé náà sí méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba mẹ́wàá. Alága àti ẹnjiníà ní ẹgbẹ́ kan ni ìwé ìjọba sọ, àwọn tíṣà ló sì lè san án. Méjì sí méjì. Wọ́n jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Nígbẹ̀yìn, alága yíjú sí mi.

“Akọ̀wé, kí ni ìwé máàkì wí?”

Mo lè sọ lọ́jọ́ náà pé èmi ni mo ṣe ìwé yẹn lórí tábìlì mi, pé kì í ṣe òfin, pé bí a bá sọ ogójì di mẹ́wàá tí a sì sọ mẹ́wàá di ogójì, ẹgbẹ́ tó yege yóò yí padà. N kò sọ ọ́. Mo dìde, mo ka máàkì náà sókè ketekete, àwọn tíṣà ló lékè, mo sì fi kún un pé, “Ìwé ti sọ̀rọ̀.” Onísímẹ́ǹtì gbé ọwọ́ sókè pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kó báàgì rẹ̀. Ó ní, “Àwọn baba wa ní ẹni tó lórí kò ní fìlà. Àwa wá lọ dé fìlà lé orí fìlà.” Mo rò pé inú ń bí i lásán ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Baba Ìbejì wá gba ìwé ẹgbẹ́ wọn padà lọ́wọ́ mi. Kò bínú. Ó dúró sídìí tábìlì mi, ó ń gbá òwú kúrò ní ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

“Ọmọ mi, wọ́n ní ìwé kan ló sọ̀rọ̀. Ta ló kọ ìwé náà?”

Mo ní, “Baba, ìlànà iṣẹ́ ni.”

Ó ní, “Ó dára,” ó sì lọ.

Wọ́n kọ́ ogún ilé náà. Àwọn tíṣà san owó bí wọ́n ṣe ní àwọn yóò san án, kò sí ẹni tó jẹ oṣù kan. Wọ́n yìn mí, wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè níbẹ̀ pé kí ni mo ti ṣe rí, ogún ilé Ìsẹ́yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọdún mélòó kan kọjá kí owó mìíràn tó tún jáde. Wọ́n ní kí n lọ wo bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí, kí a lè tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀. Inú mi dùn láti lọ. Mo kan ilẹ̀kùn gbogbo ogún ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà mẹ́rin péré ló ń gbé inú tirẹ̀. Wọ́n ti gbé àwọn kan lọ sí Kìṣí àti Àgọ́-Àrẹ, àwọn mìíràn kò sì kúrò ní ilé bàbá wọn rí. Wọ́n fi ilé wọn háyà. N kò lè bá wọn wí, nítorí kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá gba ilé ni kó máa gbé e, èmi náà sì ni mo kọ àdéhùn yẹn.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ìlà kejì, mo rí i pé wọ́n ti wó fẹ́ǹsì ilé mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Òwú aláwọ̀ búlúù kan nà gbọọrọ láti àgbàlá kan bọ́ sí èkejì, ó sì dé ẹ̀kẹta. Baba Ìbejì jókòó sí ìdí òfì, irun rẹ̀ ti funfun. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀.

“Akọ̀wé, káàbọ̀.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Baba. Ilé ta lẹ̀ ń gbé yìí?”

“Ilé tíṣà ni. Èèyàn dáadáa ni, òun ló tilẹ̀ ní kí a wó fẹ́ǹsì. Owó tí mò ń san fún un tó èyí tí ìjọba ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, díẹ̀ sì ń kù sí i lọ́wọ́.”

Bí ẹni ń sọ ti òjò tó rọ̀ lánàá ló ṣe sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi, mo jókòó. Ẹ̀yáwó tí a ní àwọn èèyàn yìí kò lè san, àwọn náà ló ń san án. Orúkọ ẹlòmíràn ló kàn wà lórí ilé.

Mo ní, “Baba, èmi ni mo kọ ìwé máàkì ọjọ́sí.”

“Mo mọ̀.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ká ní kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ ni, ò bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́.” Ó tún ju ọkọ̀ òwú rẹ̀ gba inú òfì kọjá. “Jókòó dáadáa, wọ́n ń bọ̀ wá gbé oúnjẹ fún ọ.”

Mo kọ gbogbo ohun tí mo rí sínú ìròyìn mi. Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn pè mí, ó ní, “Ṣé àwọn tíṣà san owó tàbí wọn kò san án?” Mo ní wọ́n san án. Ó ní kí n yọ ìyókù kúrò. Mo ní n kò ní yọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá. Ó gba oṣù púpọ̀, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, kí wọ́n tó gbà pé ẹni tó bá gba ilé ni yóò gbé inú rẹ̀, pé ẹni tí kò ní owó oṣù lè mú rìsíìtì owó ilé tó ti ń san wá. Nínú owó kejì, ilé mẹ́jọ péré ló kan àwọn ahunṣọ. Ọgbọ̀n èèyàn ló ń wá ilé, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣa bébà kéékèèké nínú àwo, mẹ́jọ péré nínú rẹ̀ ló ní àmì ilé. Òfìfo bébà ló bọ́ sí Baba Ìbejì lọ́wọ́. Ó fi hàn wá, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ kí àwọn tó rí ilé. Èmi ni mo sunkún. Ó ń bá a lọ láti máa gbé ilé tíṣà, kí ó tó kó lọ sí Adó-Àwáyè lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn èèyàn máa ń ní mo ṣe dáadáa pé mo tún un ṣe. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọdún tí èèyàn fi háyà ohun tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dá a padà fún un.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń lọ ṣe Iléyá ní Ṣakí, mo sì ní kí awakọ̀ yà sí ibi ilé mẹ́jọ náà. Wọ́n kọjú síra wọn, àgbàlá kan gbọọrọ ló wà láàárín. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí jáde, ó bi mí bóyá mò ń wá ilé háyà. Mo ní rárá, mo kàn ń kọjá ni. Ó bu omi fún mi mu.

Ó ní, “Ẹ má bínú, kì í ṣe pé mò ń lé yín. Kò sí èyí tí wọ́n ń háyà níhìn-ín ni. Àwa la ni ín, àwa náà là ń gbé e.”

Mo mu omi náà tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì mú ọ̀nà Ṣakí pọ̀n.