Igi Etí Odò Tí Wọ́n Ní Kò Sẹ́ni Tó Gbìn Ín

Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí Dahomé gba òmìnira nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Bantè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ olùkọ́ tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ìjà àtijọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì àti ìdìbò lẹ ń retí. Mo wà níbẹ̀ nígbà méjèèjì, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi kò ní àsíá, kò sì ní orin. Igi la torí ẹ̀ jà.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ní Savalou ni mo dàgbà sí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí Bantè láti máa kọ́ ọmọ ni. Nígbà yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni iléèwé kì í ṣí. Odò ẹ̀yìn ìlú ti ń gbẹ. Wọ́n ti gé igi etí rẹ̀ tán, koríko èkan ti gba gbogbo ibẹ̀, iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó o lọ́dọọdún, èkan nìkan ló sì ń padà hù. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, iyanrìn làwọn obìnrin ń wà kí wọ́n tó rí omi bù. Mo kó àwọn èèyàn jọ, obìnrin ló pọ̀ jù, pé ká máa ro èkan náà kúrò ní Ọjọ́bọ̀, kí igi ibẹ̀ lè padà.

Ìyá Ràfátù, àgbàlagbà tó ń pa aró, ló kọ́kọ́ dá mi dúró.

"Ọmọ mi, ṣé ìjọba ló rán ọ?"

"Rárá, Ìyá. Ẹni tó bá wù ló ń wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí iṣẹ́ tí òyìnbó fi pàṣán kó wa lọ ṣe lójú títì, ara mi ò tíì gbàgbé ẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọkọ́ wá.

Mo lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ Baba Sàbí, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó fẹ́ bá òun ro ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé òun máa lé e ni? A wá ń hú èkan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ń sá a sórí àpáta kó má baà hù mọ́. Nígbà tí òjò dé, mo ní kí wọ́n gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ àti ìyeyè wá rì mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wú ọmọ igi àfọ̀n nínú igbó wá gbìn.

Kọ́sí wà lára wa. Ọmọ Màhí láti apá Savalou ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń dá oko iṣu lórí ilẹ̀ Baba Sàbí, oko ẹ̀ sì kan odò.

"Tíṣà, ṣé ẹ bi baba nípa gbígbìn?"

"A ti gbàṣẹ, ẹ̀gbọ́n."

"Àṣẹ ríro nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òjò ń lọ."

Ó gbé ọkọ́ ẹ̀. Ó gbìn ín, ó sì gbìn ín dáadáa.

Ìwé kún orí mi, mi ò mọ ohun tí gbogbo ọmọdé ibẹ̀ mọ̀. Àlejò lè gbin iṣu sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó lè gbin àgbàdo, kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ń sọ pé ilẹ̀ ti di tòun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a débẹ̀, a bá àwọn igi wa lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ Baba Sàbí ti fà wọ́n tu, wọ́n tò wọ́n jọ bí igi ìdáná. Àwọn tí Kọ́sí gbìn síwájú oko ẹ̀ nìkan ló kù, ọwọ́ wọn ò tíì dé ibẹ̀. Ìyá Ràfátù ń sunkún. Èmi ń wo èékánná mi, mo ń rò ó pé ó yẹ kí n gé e. Kò sí ohun mìíràn nínú mi.

A jókòó yí àwọn tó kù ká fún ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọ Baba Sàbí gbé àdá wá, wọ́n rí àwa obìnrin tá a so ọwọ́ pọ̀, wọ́n padà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pe gbogbo wa sílé olórí ìlú.

Ká tó wọlé, Ìyá Ràfátù kó wa sẹ́yìn ògiri.

"Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní wọ́n hù fúnra wọn ni. Igi tó bá hù fúnra ẹ̀ ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Gbogbo wa gbà. Kọ́sí ń wo ilẹ̀.

Wọ́n bu erùpẹ̀ etí odò náà síwájú wa, kí kálukú fọwọ́ kàn án kó tó dáhùn. Ó kàn mí. "Ta ló gbin igi yẹn?" Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní ó hù fúnra ẹ̀ ni. Nígbà tó kan Kọ́sí, kò na ọwọ́.

"Èmi ni," ló wí.

Baba Sàbí yíjú sí i. "Kọ́sí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, Baba. Ilẹ̀ yìí ló ń bọ́ mi. Mi ò lè fọwọ́ kàn án kí n purọ́."

"Ta ló ní kó o gbìn ín?"

Kò dáhùn. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n lè kọ̀wé sí ọ̀gá wa, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó síbi tí mo wà.

Wọ́n ní kó wa iṣu ẹ̀, kó sì máa lọ. Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, ẹrù lórí, wọ́n kọjú sí Savalou. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo padà sídìí pátákó.

Nígbà tí àwọn ọmọ Baba Sàbí fẹ́ lọ fa àwọn igi náà tu, baba ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. "Ẹni tó gbìn ín ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè fi í gba ilẹ̀ mọ́." Bí igi wa ṣe yè nìyẹn. A ń ro èkan ìdí wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí wọ́n fi ga ju iná lọ.

A rí omi. Mi ò ní sọ pé a ò rí nǹkan kan, àwọn obìnrin apá ibẹ̀ ò wa iyanrìn mọ́. Mo ti ròyìn odò náà ní ìpàdé púpọ̀, mo ń ní igi ibẹ̀ hù fúnra ẹ̀ ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Àìmọye ìgbà ni mo lọ sí Savalou fún ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, mi ò béèrè ilé Kọ́sí. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti kú, oúnjẹ wà níwájú mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Tẹ́ ẹ bá dé Bantè, ẹ bi wọ́n pé ta ló gbin igi etí odò. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó gbìn ín, pé ó hù fúnra ẹ̀ ni. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kọ́sí ló gbìn ín. Èmi ni mo ní kó gbìn ín.